Títí Koríko Yóò Fi Hù

Alágbàfọ̀ gbọ́ ìró ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó da omi ọṣẹ inú báàfù nù, ó dojú báàfù náà dé orí koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lábẹ́ okùn ìsáṣọ, ó wá ń nu ọwọ́ bí ẹni tó ti ń retí àlejò láti àárọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Ó ò, ìyàwó." Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí àga níta. Ó rí báàfù, ó sì jókòó lé e.

Alágbàfọ̀ sáré síwájú. "Ẹ jẹ́ n gbé àga wá fún yín."

"Fi àga sílẹ̀ jàre. Ẹni tó wá sórí òkú ilẹ̀, kí ló fẹ́ fi àga ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rín in.

Òun yìí náà ló fún un ní ilẹ̀ náà, bí a bá lè pe irú rẹ̀ ní fífún. Mẹkáníìkì ni ọkọ alágbàfọ̀. Títí tó fi kú, orí ilẹ̀ ẹbí yìí ló ti ń tú ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ náà ló sì ń da ọ́ìlì àlòkù sí, títí ilẹ̀ fi dúdú tó le gbagidi, tí eèrà pàápàá ń yà fún un. Nígbà tí ẹbí jókòó lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, mú ilé, ó mú ọkọ̀, ó wá kọjú sí opó. Ó ní, "Ọkọ rẹ ló pa ilẹ̀ yẹn. Máa gbé orí rẹ̀ títí koríko yóò fi hù níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá hù, ilẹ̀ ti jí nìyẹn, ẹbí á sì gba ilẹ̀ wọn." Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí opó dúpẹ́, ó sì dúpẹ́.

Ẹlòmíràn ì bá ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àwàdà. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí yẹn, ohun tí olórí bá ti sọ lójú ìjókòó, ì báà ṣe ẹ̀fẹ̀, òfin ni. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, a ṣẹ lálẹ́, àgbà yìí kò sì ṣe tán láti fi ìmúṣẹ tirẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run nìkan. Bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, á gun ọ̀kadà wá wo ilẹ̀.

Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Ọ̀pá mi ń wọlé lónìí o. Lọ́dún tó kọjá, kò wọlé báyìí."

"Omi aṣọ ló rọ̀ ọ́, Bàbá."

"Ẹ̀hẹ́n. Ẹnì kan ń wá ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ilẹ̀ tó lè hu nǹkan ló fẹ́. Mo ní kó fara balẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ dáadáa, màá kó àwọn àgbà ẹbí wá, ká jọ wò ó." Ó dìde, ó gbọn aṣọ nídìí. "Ìwọ àti ọmọ yẹn, ẹ lè ti máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́ díẹ̀díẹ̀."

Nígbà tí ọ̀kadà rẹ̀ lọ tán, alágbàfọ̀ ṣí báàfù. Koríko náà ti tẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú. Ó fà á tu, ó sì jù ú sínú ẹ̀yinná tó fẹ́ fi lọ aṣọ.

Ó mọ ẹni tó jí òkú ilẹ̀ náà dìde. Òun fúnra rẹ̀ ni. Ọdún gbọọrọ ló fi ń da omi ọṣẹ síbẹ̀, tó ń gbọn eérú áyọ́ọ̀nù síbẹ̀, tó ń gbá ìdọ̀tí síbẹ̀. Aṣọ àwọn oníbàárà ló rò pé òun ń fọ̀, kò mọ̀ pé òun ń fọ ilẹ̀ mọ́ wọn. Inú rẹ̀ dùn sí i, ìyẹn gan-an ló sì wá dun ún jù. Iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dáadáa ló fẹ́ lé e síta.

"Màmá! Ó ti ní ewé mẹ́rin!"

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló dé láti ilé ìwé. Ìyá ọmọ náà ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè, kò sì padà wá mọ́. Ẹlẹ́nu ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ti ri kóró máńgòrò kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kóró náà sì hù. Láàárọ̀, máńgòrò yìí ló ń kọ́kọ́ kí kó tó kí ìyá àgbà rẹ̀.

"Fi garawa yẹn bò ó," ni ìyá àgbà wí.

"Kò ní rí oòrùn, Màmá."

"Mo ní kó o bò ó."

Òjò dé, ó sì wá tagbáratagbára. Koríko bo àárín àgbàlá, ó bo ìdí kànga tí wọ́n ti ń pọn omi, ó gba abẹ́ okùn ìsáṣọ já. Àwọn méjèèjì ń tu ú láàárọ̀, wọ́n ń tu ú nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n ti ń tu níwájú ló ń hù lẹ́yìn. Nígbà tó yá, alágbàfọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì, ó gba oríta lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó ọ̀gá, ẹ káàsán mà. Kí ni mo lè ṣe fún yín?"

"Fún mi ní ọ́ìlì àlòkù."

"Ikán ń jẹ igi ilé yín ni?"

"Ikán ni."

Nígbà tó padà wá gba òmíràn, tó tún padà wá, mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Ikán wo ló ń jẹ tó báyìí?"

"Èyí tó ń gun ọ̀kadà ni."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọkùnrin náà. Ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn? Ó rọ ọ́ìlì kún kẹ́ẹ̀gì, ó dé e. "Ìyàwó ọ̀gá, kànga wà ní ilẹ̀ yẹn o."

"Mo mọ̀."

Ẹlẹ́nu ti ilé ìwé dé, ó bá ìyá àgbà níbi tó ti ń da ọ́ìlì. Koríko ti dúdú, ó ti sùn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan ló kù. Ọmọ náà sáré lọ dúró níwájú máńgòrò rẹ̀, ó na apá méjèèjì.

"Tèmi kì í ṣe koríko! Igi ni!"

"Kúrò níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Màá máa bò ó dáadáa. Màá jókòó lé e tí wọ́n bá dé."

Ìyá àgbà gbá a létí. Kò gbá ọmọ náà létí rí. "Sọ ibi tí a ó máa sùn fún mi," ló wí. "Sọ ọ́, n ó fi igi rẹ sílẹ̀."

Ẹlẹ́nu sọ apá méjèèjì kalẹ̀. Ó kúrò lọ́nà. Ìyá àgbà da ọ́ìlì sí ìdí máńgòrò títí kẹ́ẹ̀gì fi gbẹ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ewé ti wọ́ dànù, ó ku kùkùté tí kò ju ìka lọ.

Òjò ti fẹ́ dáwọ́ dúró kí olórí ẹbí tó kó àwọn àgbà wá. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ bo imú. Ilẹ̀ ń dán, ó ń rùn. Olórí ẹbí fi ọ̀pá rẹ̀ gún un, ọ̀pá náà sì jáde ní dúdú.

"Ta ló da ọ́ìlì síbí?"

"Ọkọ mi ni, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀ lójú ìjókòó."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Ojú olórí ẹbí le. Ó pe ọmọ tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹlẹ́nu, wá. Ọmọ dáadáa kì í purọ́ fún àgbà. Ṣé koríko kankan ò hù níbí?"

"Kò hù, Bàbá."

"Ewé ńkọ́? Ewé kékeré báyìí?"

"Nǹkan kan ò lè hù níbí," ni ọmọ náà wí. "Òkú ilẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ olórí ẹbí fúnra rẹ̀ ni ọmọ náà dá padà fún un yẹn. Àwọn àgbà ti ń yí padà sí ọ̀nà. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀. "Ìyàwó," ló wí, "òjò ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà."

Wọ́n lọ tán. Alágbàfọ̀ gbára lé òpó okùn ìsáṣọ. Ẹlẹ́nu wá bá a, ó na ọwọ́ sí i, ó la àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀mùnú máńgòrò ló wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ méjì ṣì pupa rúsúrúsú, gbòǹgbò rẹ̀ ń kán ọ́ìlì.

"Ó tún hù lára kùkùté, Màmá. Àárọ̀ yìí ni mo rí i. Mo ti hú u kí wọ́n tó dé, tòun ti gbòǹgbò." Kò sunkún. Ojú ìyá àgbà ló ń wò, bí ọmọ tó gba máàkì tó pé nílé ìwé ṣe ń wojú òbí. "Ṣé mo ṣe dáadáa?"

Ìyá àgbà wo ọ̀mùnú náà, ó wo ọmọ náà. "O ṣe dáadáa, ọmọ mi," ló sọ.

Ọmọ náà ju máńgòrò sínú ẹ̀yinná, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nu ọwọ́, ó sì lọ gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, Màmá. Mẹkáníìkì ò tíì palẹ̀ mọ́."