Àtẹ̀gùn Inú Ínfátà

Inú ínfátà tuntun tó gbé kọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀ lánàá ni Àjàgbé wà, ó ń gun àtẹ̀gùn. Kò yà á lẹ́nu. Iná sólà tí ínfátà ń sọ di iná tí ilé ń lò ń gòkè lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èèyàn kéékèèké tó wọ aṣọ funfun ni wọ́n. Wọ́n ń tẹ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́ títí dé ìkeje, wọ́n á tún rọra sọ̀ kalẹ̀, torí iná ìjọba tí wọ́n fẹ́ lọ bá kì í gba àlejò tó bá já wọlé lójijì.

Ọ̀gá Ráúfù jókòó sórí ìgbésẹ̀ kẹta, ó ń jẹ ẹ̀pà. Òun ló kọ́ Àjàgbé níṣẹ́ iná ní Ṣakí, ó sì ti pé ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti sin ín. Inú Àjàgbé dùn débi pé ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn èèyàn iná sì yà fún un.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá."

"Tiransifọ́mà dà?"

"Irú èyí ò ní in mọ́, sà. Ó fúyẹ́ bíi búrẹ́dì. Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e kọ́."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni ọ̀gá wí, ó gbọn èèpo ẹ̀pà nù. "Ìwọ wá lé àgbà kúrò lọ́jà."

Ojú ti Àjàgbé. Nínú ínfátà àtijọ́, tiransifọ́mà ló máa ń jókòó sáàárín iná ìjọba àti páńẹ́ẹ̀lì orí òrùlé, tí kì í jẹ́ kí wọ́n fara kanra. Níbi tí kò bá ti sí, àfi kí wáyà ilẹ̀ wà lára irin páńẹ́ẹ̀lì, kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀. Wáyà ti Àjàgbé ò gùn tó. Ó ká a sórí òrùlé, ó ní tó bá di Mọ́ńdè òun á ra kún un. Ogún ọdún ló ti ń so àwọn oní-tiransifọ́mà láìsí wáyà yẹn, tí nǹkan kan ò sì ṣe.

Àga òfìfo kan wà nídìí àtẹ̀gùn, níbi tó yẹ kí tiransifọ́mà jókòó sí. Àga náà bi í pé, "Ta ló ń fọ páńẹ́ẹ̀lì nílé yín?"

"Mojíbádé, ìyàwó mi ni. Àràárọ̀ Sọ́ńdè, nítorí eruku ọyẹ́."

Àwọn èèyàn iná dúró. Èyí tó kéré jù nínú wọn ya kúrò lórí ìlà, ó ṣí ilẹ̀kùn kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gba ibẹ̀ gun òrùlé lọ. Ilẹ̀kùn náà padé. Ẹ̀rù ba Àjàgbé gan-an. Ó sáré tẹ̀ lé e, àmọ́ ìgbésẹ̀ keje ti di ìkẹtàlá.

"Kí ni mo ní kí o kọ́kọ́ máa ṣe?" ni ọ̀gá bi í láti ìsàlẹ̀.

Àjàgbé yí ọwọ́ padà. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni oníná fi ń kan irin tí kò bá dá a lójú, torí bí iná bá wà níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ á dì í mú, kò sì ní lè fi í sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá ló ti kọ́ bẹ́ẹ̀. Kò kọ́ Mojíbádé. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ilẹ̀kùn náà, ó sì rí i pé ó rin gbindin.

Ó lajú. Oòrùn ti yọ, omi ọṣẹ ń kán láti orí òrùlé sẹ́nu fèrèsé.

"Mojíbádé! Má fọwọ́ kàn án!"

Àkàbà dún. Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti orí rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà? Mo ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bàbá kan tó ń jẹ ẹ̀pà ló dúró lójú pópó, tó ní kí n má tíì fọwọ́ kàn án, kí n jẹ́ kẹ́ ẹ jí ná."