Ìkéde Kẹta Bàbá Oyèdèjì

Bàbá Oyèdèjì ò fẹ́ kú láìjẹ oúnjẹ Olúwa. Ìjọ tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó dá sílẹ̀ ní Ìkòròdú nígbà láéláé ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ. Àwọn òyìnbó ti lọ, òfin wọn ò lọ: ẹni tí kò bá fi òrùka gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọdọ̀ fẹnu kan búrẹ́dì àti wáìnì. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, bàbá arúgbó gbáà a jókòó ti àwọn ọmọdé, ojú a sì máa tì í.

Ìgbà tá a bá jí nilẹ̀ẹ́ ń mọ́. Ó lọ bá Fíkà, àlùfáà ìjọ wọn, pé òun fẹ́ gbé ìyàwó òun ní ṣọ́ọ̀ṣì; ó ní kí télọ̀ rán kóòtù, ó bá alásè sọ̀rọ̀, ó pe àwọn ọmọ wọn. Fíkà kéde ìgbéyàwó wọn fún ìjọ lẹ́ẹ̀kan, ó kéde ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá ku ẹ̀kẹta, tó jẹ́ àṣekágbá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀hún, Fíkà gbójú sókè, ó ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ so Oyèdèjì àti Morìnsọ́lá pọ̀, kó sọ ọ́ báyìí."

Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló dìde.

"Èmi mọ ọ̀kan, sà."

Bàbá Oyèdèjì yíjú sí i.

"Nígbà tí wọ́n fi mí fọ́kọ, bàbá mi ni wọ́n bi. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin ni wọ́n bi. Kò tíì sẹ́ni tó bi èmi."

Ọ̀rọ̀ di iṣu-ata-yán-an-yàn-an. Fíkà ní òun ò lè so ẹni tí kò fẹ́ pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dun bàbá wọra, torí òótọ́ ni: ó bi télọ̀, ó bi alásè, kò bi ìyàwó. Ó rọra dìde.

"Ìyá Fisáyọ̀..."

"Ìyá Fisáyọ̀ ti lọ́kọ, sà."

Ẹ̀rín sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Fisáyọ̀, àkọ́bí wọn, bàbá ò pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ mọ́.

"Morìnsọ́lá, jọ̀ọ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ìyàwó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń yẹ ẹja wò lọ́jà Ẹ̀pẹ́.

"Màmá, kí lẹ wí?" Fíkà bi í.

Ọkọ rẹ̀ ló dá lóhùn. "Bàbá Fisáyọ̀, láti ọdún tí wọ́n ti gbé mi wọlé yín ni mo ti fẹ́ yín. Ẹ ò kàn bi mí ni."

Bàbá Oyèdèjì ò mọ ìgbà tó bú sẹ́kún níwájú gbogbo ìjọ, tòun tẹ̀rín lẹ́nu.