Òkè Tí Wọn Kì Í Fi Ikùn Òfìfo Gùn

“Sọ̀ kalẹ̀, kó o tún gùn ún,” ni Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé wí.

Miriam sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n, ó tún gùn ún. Ọwọ́ ìwọ̀n mì lọ mì bọ̀, ó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀: kílò mẹ́tàléláàádọ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Òní ṣẹ̀ṣẹ̀ di Ọjọ́rú, kílò mẹ́ta ti fò lọ, bí ẹni pé gbogbo ẹ̀fọn Igando ṣèpàdé, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀.

“Kí lo jẹ láàárọ̀?”

“Búrẹ́dì, sà.”

Irọ́ ni. Ètè ẹ̀ ti gbẹ débi pé tí wọ́n bá ṣáná sí i, ó lè gbiná. Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé wò ó títí, ó wá béèrè irú àwọ̀ tí ìtọ̀ ẹ̀ ní. Ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo wọn láràárọ̀ nìyẹn, kì í tijú. Lójú tiẹ̀, ìtọ̀ ẹni tó fẹ́ gòkè gbọ́dọ̀ mọ́ bí omi òjò. Ti Miriam ti pọ́n bí àgbo ibà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe táńkì omi ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Miriam ló ń tọ́jú ilé ẹrù. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ rán òṣìṣẹ́ márùn-ún lọ gun òkè Kilimanjaro ní Tanzania, kí wọ́n lọ na àsíá ilé-iṣẹ́ sókè téńté. Òkè náà ga: kó o to ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ̀ta léra, kó o wá gbé àga lé e, bóyá o lè fọwọ́ kan orí ẹ̀. Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé ti gùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló ń kọ́ wọn, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ oúnjẹ ju ọ̀rọ̀ bàtà lọ. Ó ní lókè yẹn, afẹ́fẹ́ ò tó mí, oúnjẹ ò ní wu èèyàn jẹ, òùngbẹ ò sì ní gbẹ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ara ń jo oúnjẹ bí ààrò ṣe ń jo igi. Nítorí náà, kí wọ́n ti máa kọ́ ikùn wọn láti ilé: ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì, ẹ̀pà, omi lítà mẹ́rin lójúmọ́ ní díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà nínú èyí tí wọ́n bá mu lẹ́yìn iṣẹ́. Ọtí, rárá o. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé fún kálukú.

“Ọjọ́ Ẹtì la máa wọ̀n yín kẹ́yìn,” ló wí. “Tó ò bá pé márùndínlọ́gọ́ta, Ganiyat ló ń lọ. Mi ò ní lè gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ nínú yìnyín.”

Ganiyat, tí wọ́n fi pamọ́ de ẹni tó bá yẹ̀, tẹ̀ lé Miriam dé ilé ẹrù. Òun nìkan ni Miriam sọ fún pé òun ń gbààwẹ̀, inú ẹ̀ ò sì dùn. Ó ní òun fẹ́ lọ o, òun ò ní purọ́, àmọ́ òun ò fẹ́ ẹ báyìí.

“Àwa gan-an tá à ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì,” ló wí, “arìnrìn-àjò lè jẹun, kó wá san án padà tó bá délé. Ààwẹ̀ wo lẹ̀yin ń gbà tí kò nílẹ̀kùn ẹ̀yìn?”

Miriam fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè ẹ̀ dùn ún.

Ta ni yóò bá wí? Òun fúnra ẹ̀ ló gbé ìwé oúnjẹ yẹn sórí tábìlì nílé. Matilda màmá ẹ̀, ìyá àdúrà ní ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìdímù, kò mọ̀wé kà, àmọ́ ó rí àwòrán òkè lórí ìwé náà. Lójú tiẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń lọ ṣe lórí òkè, ikùn òfìfo ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ó mú ìwé lọ bá Wòlíì Babárìndé. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Wòlíì pe Miriam síwájú, ó ní ọmọ wọn ń lọ sí Òkè, a kì í sì í gbé òórùn ọbẹ̀ lọ bá Ọlọ́run. Ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje, láti àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ife omi àdúrà kan àti ọsàn méjì. Ìjọ pariwo Halelúyà lẹ́ẹ̀meje, páànù orí ilé fẹ́ẹ̀ fò dé Gowon Estate. Miriam dúró síbẹ̀, àbẹ́là lọ́wọ́, igba ojú lára ẹ̀. Ó yẹ kó ní, “Bàbá, òkè tèmi yàtọ̀.” Ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni “Àmín.”

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú yìí, ó ka táńkì mọ́kàndínlógún ní mẹ́rìnlélógún, ó tún un kà, ó di ọgbọ̀n. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ikùn ẹ̀ ń kùn lọ́nà débi pé ẹni tó jókòó tì í nínú kẹ̀kẹ́ ń wá fóònù tiẹ̀ nínú àpò.

Nílé, àgádágodo tó tó orí ọmọ tuntun wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì.

“Màámi, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́.”

“Aago mẹ́fà ò tíì lù.”

“Òyì ń kọ́ mi.”

“Bó ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ kẹta nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, o ò ní mọ̀ pé o níkùn.”

Miriam ní wọ́n máa yọ òun lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá ní kò sẹ́ni tó lè yọ ẹni tí Ọlọ́run bá fà lọ́wọ́. Miriam ní oúnjẹ ni agbára òkè yẹn. Màmá wá dìde dúró.

“Mo ti gun òkè méje, Miriam, láti Èkìtì dé Ìjẹ̀ṣà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò bímọ. Orí òkè ni mo ti tọrọ ẹ, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fẹnu kan omi. Ṣé mo kú? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo dúró síwájú mi yìí, tó ò ń bá mi fa kọ́kọ́rọ́?”

Miriam mú ìwé oúnjẹ náà, tó ti padà sórí tábìlì. Láti ọjọ́ tó ti gbé e wálé, kò tíì kà á fún màmá ẹ̀ rí. Ó kà á, ó ń túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìrẹsì, ẹ̀pà, omi, iyọ̀, títí ó fi parí ẹ̀.

“Màámi, wákàtí mélòó lẹ fi ń gun òkè tiyín?”

“Ọ̀kan. Tí eékún bá ń dùn mí, méjì.”

“Ọjọ́ méje la máa fi gun tèmi.”

“Ọjọ́ méje? Ta ló lè gun òkè fún ọjọ́ méje láìjẹun?”

Ọ̀rọ̀ ti jáde kí màmá tó mọ ohun tó sọ. Ó jókòó, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

“O ti ṣe Àmín,” ló wí, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Níṣojú ìjọ. Mi ò lè bá ẹ dá ìyẹn padà.”

Miriam mọ̀ pé òun lè lọ jẹ ìrẹsì lẹ́yìn ọgbà, kó nu ẹnu, kó padà wá jókòó láàárín àwọn ará. Ó ti rò ó títí láti ọjọ́ Ajé. Irọ́ búrẹ́dì àárọ̀ sì tún ń kan lẹ́nu ẹ̀.

“Èmi ni mo ṣe é,” ló wí. “Èmi ni mo máa dá a padà.”

Ìsìn Ọjọ́rú ń bẹ̀rẹ̀ láago márùn-ún. Ó wọ sùtánà ẹ̀, aṣọ funfun ìjọ, ó yọ ike omi tí Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé fún un látinú àpò, tó kún dẹ́nu láti ọjọ́ Ajé. Kò fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó gbé e lọ́wọ́, ó bọ́ sójú títì láìwọ bàtà, bí àwọn tó wọ sùtánà ṣe ń rìn, ọ̀dà gbóná débi pé èèyàn lè dín ẹyin lórí ẹ̀.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Màmá ẹ̀ ni, nínú sùtánà tiẹ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ife ògì wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀. Àgádágodo ṣì wà lọ́wọ́ òsì, ó ti gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

“Mu ún tán kó o tó débẹ̀,” ló wí. “Ẹnu gbígbẹ ò lè sọ ohun tó o fẹ́ lọ sọ. Mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, bí ìwé yẹn ṣe wí.”

Àwọn ará ìjọ ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń kí wọn, wọ́n sì ń wo ife náà. Miriam gbà á, ó dúró létí títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu.