Ìdúró Lórí Òkè Ló Ń Jẹ Epo Jù

Lójú Obrad, bàbá ọkọ mi, epo ọkọ̀ ṣe iyebíye ju ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lọ. Ẹ má bínú pé mi ò ní pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí. Tí mo bá wà níwájú rẹ̀, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un, torí ìyá mi kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ohun tó ṣe, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé mo ti gbìyànjú.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló fa ìjà láàárín wa. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń wà á. Láràárọ̀ mo máa ń kó wàràkàṣì láti abúlé wa lórí òkè lọ sí ọjà Ivanjica nísàlẹ̀, kìlómítà mẹ́tàdínlógún gbáko, kọ́nà lórí kọ́nà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo tún ń gùnkè padà. Obrad máa ń bá mi lọ lọ́jọ́ mìíràn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bá mi tajà, ẹsẹ̀ mi ló ń ṣọ́.

"O tún ti tẹná," á wí. "Ta ló ń lé ọ?"

Mo máa ń sọ fún un pé òkè là ń gùn. Á ní òkè kan náà ni òun fi ọkọ̀ akẹ́rù ìjọba gùn fún ọgbọ̀n ọdún, pé epo tí òun fi ń gùn ún ò lè mú ológbò yó.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ nǹkan díẹ̀. Òun ló ní kí n má jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lásán kó máa gbóná láàárọ̀, kí n má sì fi ẹrù tí mi ò nílò sẹ́yìn ọkọ̀. Àṣejù ni tiẹ̀. Ó yọ táyà ìpààrọ̀ kúrò, ó ní ó wúwo. Ó tún ní mi ò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ọ̀nà wa kò ní bọ́ọ̀sì, àwọn ìyá arúgbó tó ń lọ ta olú àti èso igbó máa ń dúró sẹ́bàá títì, wọ́n á na ọwọ́ sí ọkọ̀.

"Má dúró," Obrad á wí. "Ẹni tó bá dúró lórí òkè, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ra epo ibẹ̀."

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Ìyá Stamena, tó jẹ́ ìbátan ìyá mi, na ọwọ́ sí wa. A kọjá lára rẹ̀. Mo rí ẹnu rẹ̀ nínú dígí ọkọ̀, ó ń ṣépè. Èmi ló ń ṣẹ́ ẹ fún, kì í ṣe Obrad. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin tó ga jù nínú òfin rẹ̀ ni ti fíríì. Tó bá dé orí òkè pátápátá, níbi orísun omi, á pa ẹ́ńjìnì, á fi jíà sí fíríì, á wá jẹ́ kí òkè gbé e lọ. Ìyẹn ni òun àti àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń yangàn nílé ọtí. Ó ní òun ti yí láti orísun omi dé ẹnu ọ̀nà ilé epo rí láìtan ẹ́ńjìnì. Ó fi kọ́ Vidoje, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Vidoje ni ọkọ mi.

Vidoje kú ní oṣù kẹwàá, ó ti pé ọdún méjì. Ọkọ̀ tó ní nígbà yẹn já sí kòtò ní kọ́nà igi àsálà. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sínú ìwé pé kọ́kọ́rọ́ wà ní títàn, jíà wà ní fíríì, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ bíréèkì ni kò mú. Bíréèkì ni gbogbo abúlé dì mú. Obrad dúró síwájú pósí ọmọ rẹ̀, ó nawọ́ sí mi, ó ní òun fún Vidoje lówó kó fi tún bíréèkì ṣe, pé èmi ni mo gba owó náà, mo fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Òótọ́ ni pé mo rà á. Vidoje fúnra rẹ̀ ló ní kí n rà á, ó ní bíréèkì ṣì lè dúró dìgbà tá a bá pa ẹlẹ́dẹ̀ tà. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Òkú kì í jẹ́rìí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ náà dúró sí balùwẹ̀, mi ò tàn án rí. Ọwọ́ ni mo fi ń fọ aṣọ fún ọdún méjì, títí kan aṣọ ìbùsùn Jagoda ọmọ mi, nínú òtútù oṣù kìíní tí omi ń gé ọwọ́. Mo rò pé ó tọ́ sí mi.

Nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún yìí, Obrad ní òun fẹ́ ta ọkọ̀. Ó ní mò ń mu epo bí ẹni mu omi, pé ọkùnrin kan láti Čačak ń bọ̀ wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀. Tí ọkọ̀ bá lọ, ọjà lọ nìyẹn. Ọwọ́ alágbàtà tó ń gba wàràkàṣì wa ní ààbọ̀ iye rẹ̀ ni a ó bọ́ sí, tàbí kí n mú Jagoda dání ká lọ máa fọ ilẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Austria. Mo bi í pé kí ni kí n ṣe tí kò fi ní tà á.

"Wa ọkọ̀ bí ẹni tó wá láti ilé yìí," ó wí.

"Bí mo ṣe ń wà á, epo tí mò ń sun kò tó tiyín."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì dùn mí pé èmi ló fi ń rẹ́rìn-ín. A lọ ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀ lójú Slavomir, tó ń ta epo ní Ivanjica. Slavomir ti ṣe mẹkáníìkì rí. Àdéhùn wa ni pé a ó rọ epo kún táńkì dé ẹnu ní ọjọ́ Ajé. Obrad á wà á lọ, á wà á bọ̀ lọ́jọ́ kan, èmi á wà á lọ́jọ́ kejì, ẹrù kan náà. Iye tí Slavomir bá fi kún un padà ló máa ṣèdájọ́. Tí tèmi bá kéré, Obrad á kọ ọkọ̀ sí orúkọ mi. Tí tiẹ̀ bá kéré, mi ò tún gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀ ọkọ̀ nínú ilé yẹn mọ́.

Òun ló kọ́kọ́ wà á. Nígbà tí a ń gùnkè, ó tẹná tẹná, ó ní eré ló ń kó jọ tó máa gbé òun gòkè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a dé orísun omi, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì kú. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́, àfi atẹ́gùn àti ariwo táyà. Mi ò jókòó sínú ọkọ̀ tó ń yí báyìí rí, torí Vidoje kì í dán an wò tí mo bá wà níbẹ̀. Ní kọ́nà kẹta, mo rí i pé Obrad dìde díẹ̀ lórí àga kó tó lè tẹ bíréèkì. Bíréèkì ti le bí òkúta. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ṣé bíréèkì ti bàjẹ́ ni?" mo bi í.

"Kò sóhun tó ṣe é. Ẹ́ńjìnì ló ń ràn án lọ́wọ́, tó bá ti kú, ẹsẹ̀ ẹni ni. Ọkùnrin ló ń wa ọkọ̀ báyìí."

Ṣùgbọ́n kó tó dé kọ́nà igi àsálà, níbi tí òkúta ìrántí Vidoje wà pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ lára, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó tan ẹ́ńjìnì. A kọjá ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún pa á. Mo bi í pé kí ló dé tó fi tàn án níbẹ̀ yẹn. Ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́, kí n jẹ́ kí òun wa ọkọ̀.

Lítà mẹ́rin àti díẹ̀ ni Slavomir rọ padà. Obrad rìn yí ọkọ̀ ká bí àkùkọ.

Èmi ló kàn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, torí wọ́n ti rọ̀. Mo gùnkè jẹ́jẹ́, mo ń wo iwájú kí n má bàa tẹ bíréèkì lójijì, mo sì ń yí jíà kí ẹ́ńjìnì tó ké. Obrad dijú ṣe bí ẹni tó ń sùn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí a dé orísun omi, mo fi jíà sí kẹta, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò, mi ò pa nǹkan kan. Ẹ́ńjìnì ń ké, ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, a ń sọ̀ kalẹ̀ bí màlúù tí wọ́n fi okùn dì mú. Láti ọjọ́ tí Vidoje ti kú ni mo ti ń ṣe é báyìí. Ẹ̀rù ló kọ́ mi, kì í ṣe ọgbọ́n.

"Gbọ́ bó ṣe ń ké," Obrad wí. "Epo mi lò ń mu yẹn."

Slavomir rọ epo kún táńkì. Kò tó lítà mẹ́rin. Obrad ní kó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, ibẹ̀ náà ló dúró. Ó ní táyà ni, òkè ni, pé tó bá jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ni, tòun ló máa kéré. Slavomir nu ọwọ́.

"Bàbá Obrad, ayé ọkọ̀ àtijọ́, ti kabúrétọ̀, lẹ ti kọ́ ìyẹn. Ọkọ̀ ìsinsìnyí, tí jíà bá wà nínú tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnì. Epo ò wọlé rárá, ẹ̀kán kan báyìí."

"Ó ń ké."

"Ó ń ké lóòótọ́, kò mu nǹkan kan. Tí ẹ bá pa á, òdo ni. Tí ẹ bá fi sí jíà, òdo náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé ọ̀kan ní bíréèkì."

"Ọkọ̀ Vidoje ńkọ́?"

"Bákan náà ni tiẹ̀."

Obrad rọra yí ìdérí táńkì pa. Mo rò pé owó ọkùnrin Čačak ló ń dùn ún. Mi ò ní yí òótọ́ padà, ó pa àdéhùn mọ́. Lẹ́yìn tí ọjà túká, a lọ sí ọ́fíìsì, ó bu ọwọ́ lùwé, ọkọ̀ di tèmi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ra sìgá fún un.

Nígbà tí a ń gùnkè padà, oòrùn ṣì wà lókè. A kù díẹ̀ ká dé kọ́nà igi àsálà ló ní kí n dúró.

"Orí òkè nìyí, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ra epo ibẹ̀."

"Mo ní kó o dúró."

Mo dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tan sìgá, ó gbé e sórí òkúta fún ọmọ rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe fún òkú, ó da ọtí díẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀. Kò wo ojú mi.

"Pípa ni kọ́kọ́rọ́ yẹn wà," ó wí.

Mo bi í pé kọ́kọ́rọ́ wo.

"Ti Vidoje. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, tírákítọ̀ mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti pa ẹ́ńjìnì. Mo na ọwọ́ wọ ojú fèrèsé, mo yí kọ́kọ́rọ́ sí títàn kí ọlọ́pàá tó dé."

"Bíréèkì ńkọ́?"

"Kò sóhun tó ṣe bíréèkì. Bó o ṣe rí i lábẹ́ ẹsẹ̀ mi lánàá, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tiẹ̀."

Mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ọwọ́ mi tí omi oṣù kìíní ti là sí wẹ́wẹ́ ni mò ń wò.

"Ẹ sọ pé èmi ni. Ẹ sọ ọ́ lójú pósí."

"Mo ní láti rí ẹni tí mo máa gbé e lé lórí." Ó nu imú. "Mo rò pé ó kéré tán, epo ló ń tọ́jú. Mo ní ohun tí mo kọ́ ọ dára, orí rẹ̀ ni kò gbè é. Mi ò mọ̀ pé lórí òdo ló kú."

Bóyá ẹlòmíràn á dì mọ́ ọn. Èmi kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn ju bí mo ṣe kórìíra rẹ̀ ní ọdún méjèèjì lọ, mo sì fẹ́ kó mọ̀. Mo gbé àpò rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ìyẹ̀fun àti tábà ló wà nínú rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ọkọ mi. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kìlómítà mẹ́fà ló rù ú.

Kó tó délé, mo ti tan ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó kọ́kọ́ gbọ̀n, ó tu omi pupa díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ṣiṣẹ́. Mo fọ gbogbo aṣọ inú ilé, aṣọ ìbùsùn, aṣọ fèrèsé, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì Vidoje tí mo ti ká sínú àpótí. Mo yọ aṣọ Obrad sọ́tọ̀, mo kó o síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Jagoda jókòó sílẹ̀, ó ń wo aṣọ tó ń yí.

Nísinsìnyí, gbogbo ìyá tó bá na ọwọ́ ni mò ń gbé, ní ìgòkè àti ní ìsọ̀kalẹ̀. Ìyá Stamena ló máa ń jókòó síwájú. Wọ́n ń dà mí láàmú, olú wọn ń rùn, epo mi ò sì tíì pọ̀ sí i.

Obrad náà ń lọ sí ọjà. Ó máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ òkè nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú àpò rẹ̀, á na ọwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Stamena yọjú láti fèrèsé, ó ní, "Milijana, ṣé Obrad kọ́ nìyẹn?"

Mo ní òun ni. Mo fi jíà sí kẹta, mi ò dúró. Ìdúró lórí òkè ló ń jẹ epo jù, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi.