Ojú Ìwé Tí Kò Sọ Pé "Má Gbàgbé"

Nígbà tí ìyàwó ọkùnrin kan wà láyé, "Má Gbàgbé" ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe obìnrin náà. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ṣírò ìwọ̀n oògùn. Sókè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ètò náà ń ṣe, ó kọ àlàyé rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán tí kò ní ọ̀ṣọ́, kò sì sí èyí tí "má gbàgbé" kò sí nínú rẹ̀. Bó ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà nìyẹn: lọ ra búrẹ́dì wá, má gbàgbé, mú agbòjò dání.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí ọkọ náà, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun náà ṣe kó tó fẹ̀yìn tì.

"Ẹ bá wa sọ àlàyé màmá di ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ gidi, sà. Kó ní àkọlé, kó ṣeé kà, kí nọ́ọ̀sì kàn tẹ bọ́tìnì kó rí i."

Ó gbà. Kò sunkún níwájú ọ̀gá náà. Ó kọ ètò kékeré kan tí ń ṣa àlàyé náà jọ, tí ń tò ó sínú ojú ìwé. Ó ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀rọ kò ráhùn rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, àárò ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́. Ó ṣí ojú ìwé kan, bí ẹni fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ ni: "Èsì yìí wà fún àgbàlagbà. Fún ọmọdé, fún un ní 20". Ibẹ̀ ló parí sí.

Ó sáré ṣí èyí tí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: "Fún ọmọdé, fún un ní 20% rẹ̀ péré. Má gbàgbé: bí kò bá tíì tọ̀, má fún un rárá."

Bí ẹ̀rọ tó ń ṣe ojú ìwé bá ti rí àmì pásẹ́ǹtì, ńṣe ló máa ń fo gbogbo ohun tó bá kù lórí ìlà náà, àfi bí èèyàn bá fi àmì ìlà kékeré kan tó dagun ṣáájú àmì pásẹ́ǹtì ọ̀hún. Ó ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Ó gbàgbé.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ó pè é, kò gbé e. Ó pe wọ́ọ̀dù náà.

"Ẹ dúró díẹ̀, bàbá," obìnrin kan wí, ó sì gbé fóònù sórí tábìlì.

Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹkún ọmọdé kan. Lójijì, ẹkún náà dákẹ́.

Kò mọ ìgbà tó bọ́ sí títì. Ó ń sáré, ó ń kọsẹ̀, ọ̀nà tó ń rìn lójoojúmọ́ wá gùn bí ẹni pé ẹnìkan ń fà á. Nígbà tó wọ wọ́ọ̀dù, àbíkẹ́yìn rẹ̀ dúró ti bẹ́ẹ̀dì kan, abẹ́rẹ́ wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé? Bàtà màmá lẹ wọ̀ sí ẹsẹ̀ kan yìí!"

"Ṣé o ti fún un?"

"Fún ta?"

"Ọmọ yìí! Ṣé o ti fún un lóògùn?"

"Rárá o. Ẹ jókòó, ẹ má ṣubú lù mí." Ó fa àga fún un. "Mo ka ojú ìwé yín. Ogún, ó tán. Ogún kí ni? Mo wá 'má gbàgbé' títí, mi ò rí i. Mo ní ẹnìkan ti bo màmá mi lẹ́nu. Màmá tó lè ní kí èèyàn má gbàgbé láti mí! Mo ti ní kí wọ́ọ̀dù yòókù má tẹ̀ lé ojú ìwé náà kí dókítà tó dé. Wọ́n ní aláṣejù ni mí."

"Ta ló ń sunkún lẹ́ẹ̀kan?"

"Òun náà ni. Oorun ló gbé e lọ."

Ọkùnrin náà wo àyà ọmọ náà títí ó fi rí i pé ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó pe ọ̀gá pé kí wọ́n yọ gbogbo ojú ìwé tuntun náà kúrò.

Kò padà sílé. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù náà, ó ń to àwọn ojú ìwé náà ní àtúntò, ó ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè. Kò sí èyí tó fi sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ti dé "má gbàgbé". Nígbà tó kan ti àwọn ọmọdé, ó kà á dópin, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.