Ara Le, A Dúpẹ́

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n ní kí káfíńtà padà sílé lọ sùn.

"Bàbá, ẹ má bínú," nọ́ọ̀sì sọ láti ẹ̀yìn ìbòmú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. "Àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn yìí ò jẹ́ kí wọ́n rímú mí ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí à bá gbé yín sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ."

Káfíńtà fọwọ́ ti ògiri. Láti àárọ̀ àná ni kò ti jẹun. Ó ti mu odindi kẹ́ẹ̀gì oògùn tí ń fọ ìfun mọ́, oògùn tó dà bí omi iyọ̀ tí wọ́n po ọṣẹ mọ́, ó sì ti jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi kú.

"Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ní kí n fọ àwo. Ìgbà wo lẹ máa bu oúnjẹ?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó tún gbé ẹ̀rín náà mì. Ìyàwó káfíńtà, tó dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta fún àwọn ará ilé aláìsàn, dá sí i: "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún."

"Ìwọ lọ fún un! Kìnnìún tèmi ń bẹ nínú ìfun, òun gan-an ló ń fún mi."

Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, dókítà ti fi kókó jẹjẹrẹ náà hàn án nínú fọ́tò. Kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Ó ní bí àwọn bá tètè gé e, àwọn á so ìfun padà, káfíńtà á sì padà sídìí ayùn rẹ̀. Bó bá pẹ́, inú àpò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn ni yóò máa yàgbẹ́ sí. Bó bá wá pẹ́ ju ìyẹn lọ... Dókítà ò parí ọ̀rọ̀ náà.

"Ìyá tá a jọ dúró níbí lọ́jọ́sí ńkọ́?" káfíńtà bi nọ́ọ̀sì. "Ẹ̀yìn mi ló dé. Ẹ ti ṣe tiẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì. "Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́ kù fún wa lọ́sẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá le jù la ń fún. Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹrin la pè yín lórí fóònù, a ní báwo lara. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ dáhùn pé, 'Ara le, a dúpẹ́.' Ohun tí wọ́n kọ síbí nìyẹn: ara wọn le."

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?" Ohùn rẹ̀ ròkè. "Wọ́n kí èèyàn láàárọ̀, kó ní òun ń kú lọ? Kí n fi ẹnu ara mi pe ibi?"

"A ò kí yín, bàbá. À ń béèrè ni."

Káfíńtà tẹjú mọ́ fáìlì náà. Inú ń bí i sí ilé ìwòsàn, ó ń bí i sí àrùn tó gba bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ká a lára jù ni ẹnu tirẹ̀, ẹnu tí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ní àdúrà kó tó kọ́ ọ níṣẹ́ igi.

Ó la ẹnu náà. "A dú..." ló tún fẹ́ jáde. Ó pa á dé, ó kọjú sí okùn.

"Ìyá àwọn ọmọ, ìwọ lò ń fọ ṣòkòtò mi. Jọ̀ọ́, sọ ohun tí ò ń rí níbẹ̀ fún wọn."