Iṣẹ́ Mi Ni Kí N Máa Fẹ́ Ilé

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ṣe é dárúkọ níwájú àna. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yá yàrá, ajẹ́ńtì á pè mí pé kí n sáré wá. Màá wọ bàtà dúdú mi, màá gbé báàgì kọ́ apá, màá dé bí ẹni tí àìnílé ti fojú rẹ̀ rí màbo. Màá wo àjà, màá ṣí fèrèsé, màá wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fún ẹlòmíràn o. Mo fẹ́ ẹ, màá fowó lé e." Ẹni tó ń wá ilé lóòótọ́ á yára fi kún tirẹ̀ kí n má baà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, èmi á gba owó iṣẹ́ mi lọ́wọ́ ajẹ́ńtì, màá sì bá tèmi lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti òpópónà kan dé èkejì, tí owó ilé fi di ohun tí apá ò ká mọ́. Ó rẹ̀ mí. Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, wọn ò kúkú sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́.

Ẹnu-Oyin là ń pe ajẹ́ńtì náà. Kò mọ ibi tí mò ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwa tí à ń bá a ṣiṣẹ́ pé ká má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òun, nítorí ẹni tó ń wá ilé kò gbọdọ̀ ní ilé.

Nígbà tó yá, onílé tiwa náà ní òun fẹ́ máa gba iye tí àdúgbò ń gbà. Orúnkún màmá mi ti kọṣẹ́, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Yàrá ìsàlẹ̀ tí àwa méjèèjì ń gbé yìí nìkan ló bá a lára mu. Mo bẹ onílé, ó ní òun á rò ó. Mo sì fọkàn balẹ̀, òmùgọ̀ èmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹnu-Oyin pè mí. "Àbúrò, máa bọ̀ lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì. Yàrá ìsàlẹ̀ ni. Tọkọtaya kan ti dé, owó sì wà lọ́wọ́ wọn."

Ẹ̀yìn oníbúrẹ́dì làwa náà ń gbé, ṣùgbọ́n ilé tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé ti aládùúgbò ni, títí mo fi rí ilẹ̀kùn wa tó ṣí sílẹ̀. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Màmá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kí wọn káàbọ̀ bí ẹni pé òun ló pè wọ́n. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn. "O ti tibi iṣẹ́ dé? Ẹ wò ó, ọmọ mi nìyí. Ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́."

Ẹnu-Oyin ṣẹ́jú sí mi.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì ti lò ó gbó nínú yàrá oníyàrá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fún ẹlòmíràn," mo ní. "Mo fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́. Ìyá mi ò lè gun òkè." Mo kúnlẹ̀. N kì í kúnlẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ìyàwó fa ọkọ rẹ̀ lápá. "Tètè san án jàre. Tí ẹni tó ń gbébẹ̀ bá lè máa bẹ̀ báyìí, yàrá yìí á dáa gan-an." Ọkọ fi kún owó, ó tún fi kún un, ó sì fi fóònù san án lójú wa.

Nígbà tí wọ́n lọ, Ẹnu-Oyin gbá mi léjìká níta. "Ìkúnlẹ̀ yẹn pa mí! Ibo lo ti rí ìyá àgbà yẹn tó o gbé síbẹ̀ dè wá? Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù ẹ́ lọ. Máa mú un wá."

"Ìyá mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó o máa wí i."

Mo wọlé padà. Màmá mi ti ń ká aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí itan. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù.

"Ṣé kò sí yàrá ìsàlẹ̀ mìíràn ládùúgbò yìí ni?"

"Wọ́n pọ̀, Màmá. Mo ti wò wọ́n tán. Owó wọn ti ga jù."

"Ta ló gbé e ga tó bẹ́ẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tú okùn bàtà dúdú mi.